Ọwọ́ ló ń ba ògiri jẹ́: bí a ṣe ń yan ọ̀dà inú ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ilé bá ti kan ọ̀dà, gbogbo ẹbí ló ń di akunlé. Ìyá á ní àwọ̀ ojú ọ̀run lòun fẹ́. Bàbá á ní funfun ló mọ́ jù. Ọmọ tó wà ní yunifásítì LAUTECH á fi fọ́tò pálọ̀ kan tó rí lórí fóònù ránṣẹ́, eérú tó fẹ́ẹ́ dúdú, á ní òun ló ń lọ báyìí. Wọ́n lè fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ní sí ẹnì kan tó máa béèrè pé ta ni yóò máa fara ti ògiri yẹn.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kunlé ní ìlú yìí, láti Tákìé dé Arówómọlé, títí kan àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G tí a máa ń tún kùn bí ẹgbẹ́ kan bá ti kó jáde. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé ojú la fi ń yan ọ̀dà, àmọ́ ọwọ́ ló ń ba ògiri jẹ́. Ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín tán, orí àlejò tó fara ti ẹ̀yìn àga, èéfín sítóòfù, erùpẹ̀ pupa tí ọyẹ́ ń gbé wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí oníbàárà mi yan irú ọ̀dà ná, kó tó yan àwọ̀. Bí ẹ bá tò ó báyìí, owó yín kò ní ṣòfò.

1. Ẹ wá ibi tí ọwọ́ ń kàn

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání, kẹ́ ẹ rìn yíká ilé tẹ́ ẹ ń gbé lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ pé ẹ háyà rẹ̀ ni. Ẹ má wo ibi tó mọ́, ibi tó dọ̀tí ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ó rí i pé ìdọ̀tí ní ibùjókòó tirẹ̀. Ó máa ń yí ibi tí a ti ń tan iná ká bí òrùka. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń tò lọ gbọọrọ ní ìwọ̀n ìbàdí, nítorí pé bí wọ́n bá múná lọ, ọwọ́ la fi ń wá ọ̀nà lára ògiri dé yàrá. Lẹ́yìn àga pálọ̀, ẹ ó rí roboto mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń dán, tó sì ṣú díẹ̀. Orí àwọn èèyàn ló kun ibẹ̀, òróró irun ni ọ̀dà tí wọ́n lò.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi wọ̀nyí ká. Ilé tuntun yín yóò dọ̀tí ní àwọn ibì kan náà, torí ẹ̀yin kan náà lẹ máa gbé inú rẹ̀. Apá ibi tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ ń fẹ́ ọ̀dà tó ṣeé fọ̀. Ibi tí ọwọ́ kì í dé, bí àjà àti apá òkè ògiri, kò nílò ọ̀dà olówó ńlá.

2. Ẹ mọ irú ọ̀dà, kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé

Emulsion lásán, tí kì í dán, omi la fi ń pò ó. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń bo àlébù mọ́lẹ̀. Ibi tí bíríkìlà ti rẹ́ ògiri tí kò tẹ́, emulsion kò ní jẹ́ kó hàn, nítorí kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú èèyàn. Ó tún máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn àkísà tútù. Ẹ fọ ojú kan lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ á ṣí, á wá máa dá yàtọ̀ bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀.

Satin ń dán díẹ̀, bí èèpo ẹyin tí wọ́n fọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ náà, omi la fi ń pò ó, kì í rùn tó gloss, ẹ sì lè fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún láìbà á jẹ́. Ó wọ́n ju emulsion lọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé owó òun kò tó fún satin yíká ilé, mo máa ń sọ pé kó ra èyí tó máa tó ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá àwọn ọmọ àti ẹ̀yìn àga pálọ̀, kó lo emulsion níbi yòókù. Kò sí àlejò tó máa mọ̀.

Gloss, tápẹntáìnì la fi ń pò ó. Ilẹ̀kùn, férémù, irin ojú fèrèsé, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ó le, ó ń dán, omi kì í wọ inú rẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń dán yẹn náà ló fi ń tú àṣírí: gbogbo ojú ọwọ́ bíríkìlà, gbogbo ihò ìṣó tí wọ́n dí, gloss á gbé e jáde fún yín, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń fẹ̀gbẹ́ kọlu ògiri. Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í mọ̀. Gloss funfun tó jẹ́ elépo máa ń di ìyeyè níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Bí ẹ bá ti kó kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri tẹ́ ẹ fi gloss funfun kùn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ó rí i. Kì í ṣe pé wọ́n ta ayédèrú fún yín, bí epo rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Texcote, èyí tó máa ń ha ọwọ́ bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ìta ni kó wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kan kọjá lórí rẹ̀ ná. Erùpẹ̀ á jókòó sínú gbogbo kòtò kéékèèké yẹn, ìgbálẹ̀ kò ní lè gbá a, àkísà kò ní lè nù ún.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí kíkun ògiri ní apá méjì, torí ó dùn mọ́ mi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti iléèwé: ìsàlẹ̀ ṣú, òkè mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé ìsàlẹ̀, níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sókè, ni ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àga ń kàn. Ọgbọ́n gidi ni. Ohun tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni pé àwọ̀ méjèèjì máa ń jìnnà síra jù, ilé á wá dà bí ọsibítù. Bí mo ṣe ń ṣe é lónìí ni pé mo máa ń jẹ́ kí wọ́n po àwọ̀ kan ṣoṣo sínú irú ọ̀dà méjì: satin nísàlẹ̀, emulsion lókè. Lójú ọ̀sán, ẹ kò ní rí ààlà kankan àfi bí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ wò ó. Àmọ́ bí ọmọ bá fi ọwọ́ epo kan ìsàlẹ̀, ẹ mú àkísà, ó tán. Ẹ fi okùn tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pa ta ìlà náà kó gún, nítorí ojú máa ń yára rí ìlà tó wọ́.

Ní ilé ìdáná, bí kò bá sí táìlì, gloss tàbí satin láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí sítóòfù wà, èéfín kẹrosíìnì kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Balùwẹ̀ náà, satin tó ń kọ omi, kẹ́ ẹ sì máa ṣí fèrèsé. Kò sí ọ̀dà tó lè bá yín ja ìkúkù tí kò rí ọ̀nà jáde.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń tún ilé àtijọ́ kùn. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ gloss ayé àtijọ́, ó sì lè wà nínú òmíràn títí di òní, pàápàá àwọ̀ ìyeyè àti pupa. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè ní kí àwọn ìjọba má ṣe jẹ́ kó kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá rí gálọ̀nù tó kọ ọ́ síra pé kò sí òjé nínú òun, ẹ mú èyíinì. Bí gloss àtijọ́ bá ń bó lára ilẹ̀kùn, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rin ín kẹ́ ẹ tó ha á, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kẹ́ ẹ sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Àjà àtijọ́ tó jẹ́ asbestos, èyí tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má tilẹ̀ ha á rárá. Ẹ kun emulsion lé e bẹ́ẹ̀, bó bá ti fọ́, ẹ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

3. Ẹ bi ògiri léèrè bóyá ó ti gbẹ

Bàbá kan ní Under G ní kí n bá òun parí ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sanwó, wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n ti rẹ́ ògiri náà. Mo mọ̀ pé kò tíì gbẹ, ọwọ́ mi sọ fún mi nígbà tí mo fi kàn án, ó tutù bí ìdí àmù. Mo kùn ún. Gloss ló ní kí n fi kun ìsàlẹ̀, mo fi kùn ún. Oṣù méjì kò pé, gbogbo ara ògiri ti lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ara mi ni mo fi tún un ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí dòní.

Ohun tó fà á ni pé sìmẹ́ńtì tútù ní agbára kan bí ti eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Bó bá pàdé epo inú gloss, ó máa sọ ọ́ di ọṣẹ ní ti tòótọ́, ọ̀dà á rọ̀, á bó. Ó tún máa ń jẹ àwọ̀ àwọn emulsion kan, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣá. Ẹ fún ògiri tuntun ní ọjọ́ 28 ó kéré tán, bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fi kún un.

Bí ẹ kò bá dá ọwọ́ yín lójú, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara níwọ̀n ojú ìwé kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri lálẹ́, kẹ́ ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ kejì. Bí omi bá ti sẹ́ sẹ́yìn ọ̀rá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ilé tó ti pẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní àárín ìlú, ní agbègbè Ọjà Igbó àti ibi tó yí ààfin Ṣọ̀ún ká, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé amọ̀ ló wà nínú, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bò ó lójú. Amọ̀ máa ń mu omi ilẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń fẹ́ tu ú jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá fi gloss dí i lẹ́nu, omi yẹn kò ní rí ọ̀nà, á máa ti ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì síta títí wọ́n á fi bọ́ ní pẹlẹbẹ. Emulsion ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ tó ń hù nísàlẹ̀ ògiri, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, omi á tún yọ́ iyọ̀ náà wọlé. Kẹ́ ẹ wá ibi tí omi ti ń wá kẹ́ ẹ tó ra ọ̀dà. Lọ́pọ̀ ìgbà, gọ́tà tó dí lẹ́yìn ilé ni.

Ní ti screeding, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí a fi ń tẹ́ ojú ògiri kó tó kan ọ̀dà, ó dára bí owó bá wà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kun emulsion tí kì í dán lè ṣe é láìsí i. Ẹni tó fẹ́ satin tàbí gloss lára ògiri pálọ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fò ó.

4. Àwọ̀: ẹ sọ orúkọ rẹ̀ dáadáa

Nísinsìnyí ni kẹ́ ẹ wá jà lórí àwọ̀.

Èdè wa kò pín àwọ̀ bí páálí àwọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣe pín in. Bí oníbàárà bá ní pupa lòun fẹ́, mo máa ń béèrè pé: pupa bí osùn, pupa bí epo, àbí pupa bí gààrí elépo? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ní dúdú lè máa ro aró, ó lè máa ro ewé ẹ̀fọ́. Funfun gan-an, mo ti rí ìjà lórí rẹ̀: funfun báláú bí ẹfun, funfun bí wàrà, àti funfun bí ẹ̀kọ tútù, tí eérú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ mọ̀ sọ ọ́ fún akunlé yín, tó bá ṣeé ṣe, ẹ mú nǹkan náà dání.

Fún ìlú tiwa, n kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi funfun báláú sí ìsàlẹ̀ ògiri. Erùpẹ̀ wa pupa. Láti oṣù Bélú títí dé oṣù Èrèlé, á ti kun gbogbo etí fèrèsé. Àwọ̀ ẹ̀kọ, àwọ̀ wàrà, tàbí ti gààrí Ìjẹ̀bú, á gba erùpẹ̀ yẹn mọ́ra láìpariwo. Ẹ jẹ́ kí àjà nìkan funfun báláú, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún yàrá.

Ẹ wo ohun tí kò ní yí padà. Táìlì ilẹ̀ kò ní yí padà, kọ́tìnnì lè yí padà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀dà bá kọ́tìnnì mu, tí kọ́tìnnì á gbó lọ́dún méjì, tí táìlì á wá bá ògiri jà fún ogún ọdún. Táìlì tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú kì í bá ògiri eérú tó tutù ṣọ̀rẹ́, ṣe ni táìlì yẹn á dà bíi pé ó dọ̀tí.

Kẹ́ ẹ sì wo ìhà tí fèrèsé kọjú sí. Yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń jó láti aago mẹ́ta ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ náà sì máa ń pọ́n. Bí ògiri rẹ̀ bá tún jẹ́ àwọ̀ epo tàbí gààrí elépo, ojú á máa gbóná, ara náà á máa rò pé ooru pọ̀ sí i. Àwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀ tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run ló ń mú irú yàrá bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn máa ń mọ́ láàárọ̀, á wá di òkùnkùn lọ́sàn-án, ẹ lè fi ìyeyè díẹ̀ gbà á. Bí igi máńgòrò bá wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ rántí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ewé kọjá ti ní àwọ̀ ewé lára kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan máa ń kọ LRV sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀. Iye ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bó bá lé ní 70, ó ń tànmọ́lẹ̀ fún yàrá. Bó bá wà nísàlẹ̀ 40, ẹ múra láti tan iná lọ́sàn-án nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Eérú tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti orí fóònù yẹn, ó ṣeé ṣe kó wà lọ́hùn-ún.

5. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó rà á tán

Alhaja kan ní Arówómọlé ló fi èyí kọ́ mi. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó yan àwọ̀ kan lára páálí, àwọ̀ ìyeyè tó tutù bí omi àgbá láàárọ̀. Mo kun ògiri kan tán, ó wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, kò sọ̀rọ̀.

“Bàbá Ìbejì, èyí kọ́ ni mo yàn o.”

“Òun náà ni, Alhaja. Ẹ wo nọ́mbà rẹ̀ lára gálọ̀nù.”

Ó mú páálí kékeré náà jáde látinú báàgì, ó gbé e mọ́ ògiri. Nọ́mbà bára mu. Àwọ̀ kò bára mu lójú rẹ̀, kò sì bára mu lójú tèmi náà. “Ẹ wò ó,” ló wí, “eléyìí rọra tutù. Ti ara ògiri yìí ń kígbe.”

Òótọ́ ni. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, gílóòbù funfun tó ń tutù lójú ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára, pálọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn. Èkejì, àwọ̀ tó tó ojú èékánná lórí páálí máa ń le sí i bó bá di ògiri, torí ògiri mẹ́rin máa ń ju ìmọ́lẹ̀ síra wọn, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì kan ògiri ni àwọ̀ náà ń nípọn sí i. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá yan àwọ̀ kan lórí páálí, mo máa ń ní kí ó wo èyí tó fi ìpele kan mọ́ jù ú.

A ra gálọ̀nù kékeré mẹ́ta. Mo gé páálí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní òró àti ìbú, mo kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi etí funfun sílẹ̀ yí i ká kí àwọ̀ ògiri àtijọ́ má bàa tan ojú jẹ. A gbé wọn kọ́: ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọ̀kan sí igun tó ṣókùnkùn, ọ̀kan sẹ́yìn àga. Ó wò wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ní ti àárín ló dára jù. Ó wò wọ́n ní aago mẹ́ta, ó ní ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lálẹ́, ó tan iná, ó pààrọ̀ ipò wọn, ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí láti wo ìròyìn, ó wò títí. Ní ọjọ́ kejì ló pè mí.

“Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ pé ó ti ṣá jù, òun ni kẹ́ ẹ kùn.”

Títí di òní ni àwọ̀ náà wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ ṣe bíi tirẹ̀: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, pẹ̀lú gílóòbù tẹ́ ẹ máa lò gan-an. Gílóòbù tó pọ́n, 2700K tàbí 3000K, máa ń fi ìyeyè kún gbogbo nǹkan. Ti funfun máa ń fa àwọ̀ sí ọ̀nà aró.

6. Iye tẹ́ ẹ máa rà

Ẹ gbé téèpù. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 10: ògiri mẹ́rin jẹ́ 48, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ó di 480. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan (21) àti fèrèsé méjì (32), ó ku 427. Ẹ fi 10.76 pín in kó di mítà onígun mẹ́rin, ó sún mọ́ 40. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kùn ún, ó di 80.

Lítà emulsion kan lè bo mítà onígun mẹ́rin 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ògiri tí wọ́n ti screed. Lára ògiri tó ṣì le bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ, ẹ fi ọkàn sí 8 tàbí kó dín. Bí a bá mú 8, lítà 10 ni yàrá náà máa gbà, ìyẹn gálọ̀nù onílítà mẹ́rin méjì àti ààbọ̀. Ẹ ra mẹ́ta. Àjà yàrá yẹn, gálọ̀nù kan tó o.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì rí i pé nọ́mbà bátíìṣì (nọ́mbà àpòpọ̀ tí ọ̀dà náà ti wá) tó wà lára wọn bára mu. Bí kò bá bára mu, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ rò ó pọ̀. Akunlé tó bá fi gálọ̀nù kan parí ní àárín ògiri, tó wá fi òmíràn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ti fi ojú àpá sílẹ̀ fún yín.

Ọ̀dà tí wọ́n ń pò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí orúkọ lára pọ̀ lọ́jà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Ẹ kun díẹ̀ sára páálí, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tútù pa á. Bí ọwọ́ yín bá funfun bí ọwọ́ olùkọ́ ayé àtijọ́, ẹfun ló pọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀ kò tó.

7. Kíkùn

Àjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn, kó tó kan ògiri, ilẹ̀kùn àti férémù lẹ máa fi parí, nítorí ọ̀dà kì í kán sókè. Ẹ gbá eruku, ẹ nù ún. Ìpele emulsion àkọ́kọ́ lára ògiri tuntun, ẹ fi omi là á díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára gálọ̀nù, kó lè wọlé. Ìpele kejì kò fẹ́ omi púpọ̀. Akunlé tó ń fi omi púpọ̀ kún ìpele kejì ń fi ọ̀dà yín pamọ́ ni, ẹ bi í léèrè ibi tó gbé gálọ̀nù yòókù sí.

Wákàtí mẹ́rin ni ẹ fún emulsion láàárín ìpele méjì, gloss ní tirẹ̀ ń fẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù la gloss fún yín nínú ilé. Ó ń yára gbẹ lóòótọ́, àmọ́ sítóòfù kan ní yàrá kejì ti tó láti sọ ọ́ di ẹkún.

Oṣù tó dára jù fún mi ni Ọ̀wàrà parí sí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú, bí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ kò tíì dé. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, ọ̀dà máa ń gbẹ kí rólà tó padà dé, ojú rólà á sì tò lára ògiri bí ilà. Bó bá di dandan, ẹ kùn ún láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ ti fèrèsé ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá, kẹ́ ẹ ṣí ti òdìkejì kí òórùn lè jáde. Ẹ parí ògiri kan kẹ́ ẹ tó sinmi, ẹ má lọ jẹun ní àárín rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ da èyí tó kù sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le. Ẹ fi bírò aláwọ̀ dúdú kọ nọ́mbà àwọ̀, orúkọ yàrá àti ọdún sára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ohun kan náà sínú ilẹ̀kùn kékeré ibi tí mítà iná wà. Ike lè sọnù, ibi tí mítà wà kì í ṣí kiri. Mo ti padà sí ilé kan lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, onílé kò rántí àwọ̀, èmi náà kò rántí. Ọmọ rẹ̀ ló ṣí ibi mítà náà, tó kà á sí mi létí.